Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Èrò Mi lórí Kabúrétọ̀ Ọkọ̀ Alágbára

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo ní í bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa sọ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti oríkì, kì í sì í ṣe ti àṣà ìgbéyàwó. Ọ̀rọ̀ kabúrétọ̀ ni: irú èyí tí ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ lágbára ní títì rà, àti bí ó ṣe yẹ kí a sẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ohun tí mo ṣàkíyèsí láàrin àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ni pé, bí wọ́n bá ti ra Peugeot 504 kan, tàbí Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá, ohun àkọ́kọ́ tí ó máa ń wá sí wọn lọ́kàn ni kí wọ́n yọ kabúrétọ̀ tí ó bá a wá dànù, kí wọ́n sì wá èyí tí ó tóbi jù ú lọ fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n gbà pé bí ẹnu bá ti fẹ̀ tó ni agbára yóò ṣe pọ̀ tó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé kabúrétọ̀ tí ó tóbi ju ẹ́ńjìnnì lọ ń gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ó ń jẹ owó olówó, ó sì ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ìṣirò díẹ̀ àti sùúrù púpọ̀ ni ó ń fún ọkọ̀ lágbára.

Ẹlòmíràn lè wí pé: kí ni ti kabúrétọ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá? Ṣebí ayé ti fi í sílẹ̀? Òtítọ́ ni pé ínjẹ́kíṣọ̀n tí kọ̀ǹpútà ń darí ti gba ipò rẹ̀ nínú ọkọ̀ tuntun. Eré ìje NASCAR ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà pàápàá, tí ó di kabúrétọ̀ mú ṣinṣin títí di òpin ìdíje ọdún 2011, bọ́ sí ínjẹ́kíṣọ̀n ní ọdún 2012. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìnkùlé yín. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹ fi ń kàwé nígbà tí iná bá lọ, kabúrétọ̀ ni ó ń fún un lóúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tí ó ń gbé wa kiri náà ń lò ó. Àwọn 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná àti àwọn ìjàpá tí wọ́n tò ní Èkó láti ọdún 1975 ṣì ní àwọn tí ó ń tọ́jú wọn bí ọmọ. Yàtọ̀ sí èyí, ìṣirò kan náà ni kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ tuntun ń ṣe. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí kabúrétọ̀ ń ṣe kò ní bẹ̀rù ínjẹ́kíṣọ̀n.

Ọ̀FUN KÈRÈGBÈ

Iṣẹ́ kabúrétọ̀ kò ju pé kí ó po epo bẹntiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n tí iná yóò fi jó o dáradára. Kí epo kílò kan tó jó tán pátápátá, afẹ́fẹ́ tí ó tó kílò 14.7 ni ó gbọ́dọ̀ bá a pàdé. Bí a bá ń fẹ́ agbára tí ó pọ̀ jù lọ, epo a máa pọ̀ díẹ̀ sí i, afẹ́fẹ́ á wá jẹ́ bíi kílò 12.5 sí 13 sí kílò epo kan. Bí epo bá pọ̀ jù, èéfín dúdú ni a ó rí, epo náà á sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà, tí irin yóò fi máa ha irin. Bí epo kò bá tó nígbà tí iṣẹ́ wúwo, ooru á pọ̀ kọjá àlà, ó sì lè jó fáàfù tàbí kí ó yọ́ orí písítìnì.

Ẹ jẹ́ kí a ronú ọrùn kèrègbè. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà gbọ́dọ̀ gba inú ọ̀fun kan tí ó fún láàrin kọjá. Bí ó bá dé ibi tí ó fún náà, eré rẹ̀ á pọ̀ sí i, agbára tí ó fi ń tẹ ohun tí ó yí i ká á sì dín kù. Òfin yìí ni Daniel Bernoulli ṣàlàyé nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1738, orúkọ Venturi, ará Ítálì, ni a sì fi ń pe irú ọ̀fun bẹ́ẹ̀ títí di òní. Epo tí ó wà nínú ìkòkò kabúrétọ̀ wà lábẹ́ afẹ́fẹ́ ayé tí ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nítorí pé afẹ́fẹ́ inú ọ̀fun kò tẹ̀ tó ti òde, epo á gba ihò jẹ́ẹ̀tì gòkè, á sì tú sínú ọ̀fun bí ìrì.

Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe àwọn olùfẹ́ kabúrétọ̀ ńlá wà. Bí ọ̀fun bá fẹ̀ ju bí ẹ́ńjìnnì ṣe lè fà lọ, afẹ́fẹ́ á máa rìn bí arúgbó. Bí afẹ́fẹ́ kò bá sáré, kò lè fa epo dáradára. Dípò kí epo tú bí ìrì, yóò máa kán bí omi òrùlé. Ìwọ̀nba ni èyí tí yóò jó, ìyókù á lẹ̀ mọ́ ara máńífòòdù. Ẹni tí ó wà nídìí ọkọ̀ á tẹ àsẹlérétọ̀, ọkọ̀ á kọ́kọ́ kọsẹ̀, á gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, kí ó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ. Ariwo pọ̀, ìrìn kò sí.

ÌṢIRÒ TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE KÍ A TÓ RAJÀ

Ìṣirò náà kò le. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa a máa fa afẹ́fẹ́ kún inú ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì. Nítorí náà, ẹ mú ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì ní lítà, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye ìyípo tí ó lè ṣe jù lọ ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì fi 2 pín in. Ẹ́ńjìnnì 504 tí ó jẹ́ lítà 1.971, bí a bá ní kí ó yí ní ìgbà 5,500 ní ìṣẹ́jú kan, yóò fa bíi lítà 5,420. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ títì kì í yó tán pátápátá. Bí ó bá rí ìdá 85 nínú 100, a jẹ́ pé ó ṣe dáadáa. Èyí já sí nǹkan bíi lítà 4,600, tàbí ẹsẹ̀ onígun 163, nítorí pé ẹsẹ̀ onígun ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń wọn kabúrétọ̀ wọn.

Ẹ wá fi èyí wé ọkọ̀ Chevrolet ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sìlíńdà 8, tí ó sì jẹ́ lítà 5.7. Bí ó bá yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣirò kan náà yóò fún wa ní lítà 17,100. Ìdá 85 nínú 100 rẹ̀ sì tó ẹsẹ̀ onígun 513. Kabúrétọ̀ Holley tí ó jẹ́ 600 tó o, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù. Síbẹ̀, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí nǹkan wọ̀nyí ti wá, ọ̀pọ̀ ni ó ń gbé 750 tàbí 850 lé irú ẹ́ńjìnnì yìí lórí. Bí 600 bá tó ẹ́ńjìnnì oní-lítà 5.7, kí ni ẹni tí ó ń wá Holley 600 fún 504 rẹ̀ ń wá? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè mu. Aṣọ bàbá ni ó gbé wọ ọmọ ọdún mẹ́ta.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà tí a kọ sára ọjà tàn yín jẹ. Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í wọn kabúrétọ̀ ọlọ́fun méjì àti ọlọ́fun mẹ́rin ní ìwọ̀n ìfà kan náà. Ìfà tí wọ́n fi ń wọn ọlọ́fun méjì jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọlọ́fun mẹ́rin, nítorí náà 500 ti ọlọ́fun méjì kò ju bíi 354 lọ bí a bá wọ̀n ọ́n bí ọlọ́fun mẹ́rin. Bákan náà ni ti Weber DCOE, ọjà ilẹ̀ Ítálì. Bí a bá pè é ní 40, ìwọ̀n ibi tí ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ wà ni a ń sọ, mìlímítà 40. Ọ̀fun tí ó wà nínú rẹ̀ ṣeé yọ, a sì lè fi ti mìlímítà 30 tàbí 32 sí i. Ọ̀fun yìí ni ó yẹ kí a yàn, kì í ṣe nọ́ńbà òde. Ohun kan tún wà: níbi tí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan bá ti ní ọ̀fun tirẹ̀, ìṣirò tí mo ṣe lókè yìí kò bá a mu mọ́, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fà, wọn kì í pín in lò.

TÍTÌ KÌ Í ṢE PÁPÁ ÌJE

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn. Wọn yóò ní: àwọn tí ó ń sáré ìje ńkọ́? Ṣebí kabúrétọ̀ ńlá ni tiwọn? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìje kì í sinmi. Ìyípo gíga ni ó ń gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkọ̀ tiwa ńkọ́? Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọ̀jọ́ta àti Mókólá ni ó ń lo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìyípo 1,000 sí 3,000 ni ilé rẹ̀. Ó lè ṣe oṣù kan kí ó tó fojú kan 5,500. Ẹni tí ó bá ra kabúrétọ̀ nítorí ìṣẹ́jú kan tí ó fi sáré, tí ó wá fi wákàtí mẹ́ta jìyà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kò ra ọjà ọgbọ́n.

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ kabúrétọ̀ tí ọ̀fun rẹ̀ kì í ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀fun kékeré á máa ṣiṣẹ́ nígbà tí a rọra ń lọ. Bí a bá fẹ́ agbára, ọ̀fun kejì á ṣí. Weber 32/36 rí bẹ́ẹ̀: mìlímítà 32 ni ó kọ́kọ́ ń ṣí, 36 á tẹ̀ lé e. Holley ní oríṣi méjì. Ẹsẹ̀ awakọ̀ ni ó ń ṣí ọ̀fun kejì ti ọ̀kan. Ìfà ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣí ti èkejì. Fún ọkọ̀ títì tí ó wúwo díẹ̀, èyí tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń ṣí ni mo yàn, nítorí pé kò ní gba afẹ́fẹ́ ju èyí tí ó lè lò lọ, bí ó ti wù kí ẹsẹ̀ awakọ̀ gbóná tó.

BÍ A ṢE Ń SẸ́Ẹ̀TÌ RẸ̀

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Kò sí ibi tí òwe yìí ti wúlò ju ìdí kabúrétọ̀ lọ.

Lọ́nà kìíní, ẹ má fọwọ́ kan súkúrù kankan títí yóò fi dá yín lójú pé ìyókù ẹ́ńjìnnì pé. Pọ́ọ̀gì, ìgbà tí iná ń ṣẹ́, àlàfo fáàfù, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mo wà ní ọgbà ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Ìbàdàn nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan gbé 504 rẹ̀ dé. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ bá mi fẹ ihò jẹ́ẹ̀tì yìí. Epo kò tó o.” Ọ̀gá tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì náà, ó sì rọra kán ọ́ìlì díẹ̀ sí ìdí kabúrétọ̀, níbi tí ó ti lẹ̀ mọ́ máńífòòdù. Lójú ẹsẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà. Ó ní, “Ọmọ mi, kì í ṣe epo ni kò tó. Afẹ́fẹ́ ni ó ń jí mu níbí.” Gásíkẹ́ẹ̀tì ni ó ti ya. Bí wọ́n bá ti fẹ jẹ́ẹ̀tì náà, àrùn kan ni wọn ìbá fi bo òmíràn mọ́lẹ̀.

Lọ́nà kejì, ẹ yẹ agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo wò. Weber kò fẹ́ ju bíi pọ́n-ùn 3 sí 3 àbọ̀ lórí ínṣì onígun mẹ́rin. Holley ń fẹ́ 5 sí 7. Bí a bá fi pọ́ǹpù Holley bọ́ Weber, abẹ́rẹ́ tí ó ń dí ẹnu ọ̀nà epo kò ní lè dí i, epo á sì kún àkúnwọ́sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wo bí epo ṣe ga tó nínú ìkòkò rẹ̀. Bí epo bá ga ju bí ó ṣe yẹ, kò sí jẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi sí i tí yóò tọ̀nà.

Lọ́nà kẹta, ẹ sẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ tó ṣáná sí i, ẹ rọra yí súkúrù epo wọlé títí yóò fi fara kan ìdí, ẹ má fún un mọ́ ọn, kí ẹ wá yí i jáde ní ẹ̀ẹ̀kan ààbọ̀. Láti ibẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí géèjì ìfà yóò fi ga jù lọ, tí ẹ́ńjìnnì á sì máa lọ geere. Fún Holley, nọ́ńbà tí géèjì náà bá fi hàn tún wúlò láti yan fáàfù agbára, èyí tí ó ń fi epo kún epo nígbà tí iṣẹ́ bá wúwo: ìdajì rẹ̀ ni a sábà máa ń lò. Bí géèjì bá fi 13 hàn, fáàfù 6.5 ni kí ẹ wá.

Lọ́nà kẹrin, ẹ wo pọ́ǹpù kékeré tí ó ń tú epo nígbà tí a bá ṣàdédé tẹ àsẹlérétọ̀. Bí ọkọ̀ bá kọsẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe jẹ́ẹ̀tì ńlá.

Lọ́nà karùn-ún, jẹ́ẹ̀tì ńlá ni ó kẹ́yìn. Ẹ yí i padà díẹ̀díẹ̀, ẹ yọ pọ́ọ̀gì wò: dúdú bí èédú ń sọ pé epo pọ̀ jù, funfun bí eérú ń sọ pé epo kò tó, àwọ̀ ilẹ̀ ni a ń fẹ́. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ tí ó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín kò ní máa méfò. Ṣùgbọ́n títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kì í ṣe ibi tí a ti ń dán agbára ọkọ̀ wò. Ẹ̀mí ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Ẹ má sì ṣe iṣẹ́ yìí nínú gàráàjì tí a tì pa, nítorí pé èéfín ẹ́ńjìnnì ń pani láìpariwo. Kí ohun tí a fi ń pa iná sì wà nítòsí.

Ohun tí ó ga jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tí ó bá yí jẹ́ẹ̀tì, pọ́ǹpù àti súkúrù padà ní ọjọ́ kan náà kò ní mọ èyí tí ó ṣe é lóore àti èyí tí ó ṣe é níbi. Ẹ tún rántí pé ibi tí ọkọ̀ wà ń yí ìṣirò padà. Jọ́ọ̀sì ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti Èkó lọ ní bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá. Kabúrétọ̀ tí ó pé ní Èkó, epo rẹ̀ á pọ̀ jù bí ó bá dé ọ̀hún.

ỌWỌ́ ỌMỌDÉ, ỌWỌ́ ÀGBÀ

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo, kò sí ẹni tí ó lè ṣeré pẹ̀lú bẹntiróòlù mọ́. Epo tí ó ń ṣòfò nínú kabúrétọ̀ tí kò bára mu, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ẹnìkan ni, owó oúnjẹ ẹnìkan ni. Èyí ni mo fi rò pé ọ̀rọ̀ yìí kan yunifásítì gbọ̀ngbọ̀n.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ òfin Bernoulli lórí pátákó, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti tú kabúrétọ̀ kan rí? Àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì wa fi etí mọ ohun tí ó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ni ẹnikẹ́ni kò fi ìṣirò lítà àti ìyípo hàn rí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí àwọn olùkọ́ wa nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ máa pe àwọn ọ̀gá wọ̀nyí wá sí yàrá ìwádìí, kí wọ́n sì sanwó iṣẹ́ fún wọn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Kí àwa náà sì máa lọ sí ọgbà wọn pẹ̀lú géèjì àti ìwé ìṣirò, kí a dọ̀bálẹ̀ kí a tó béèrè ọ̀rọ̀. Èdè Yorùbá ni wọn yóò fi kọ́ wa, èdè Yorùbá náà ni a ó fi ṣàlàyé ìṣirò wa fún wọn. Àwọn tí ó ń wí pé èdè wa kò lè gbé ìmọ̀ ẹ̀rọ, kí wọ́n lọ jókòó fún wákàtí kan ní ọgbà mẹkáníìkì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ kí ọkọ̀ yín lágbára, n kò ní kí ẹ má fẹ́ ẹ. Èmi náà fẹ́ràn ohùn ẹ́ńjìnnì tí ó pé. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ wọn ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó ra kabúrétọ̀, kí ẹ ra èyí tí ó bá a mu, kí ẹ sì fi sùúrù sẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kabúrétọ̀ kékeré tí a sẹ́ẹ̀tì dáradára yóò fi èyí tí ó tóbi tí a gbé lé e lásán sílẹ̀ ní títì, owó yóò sì ṣẹ́kù sínú àpò ẹni tí ó ni ín.